Káàdì Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Tí Kì Í Ṣe Tirẹ̀

Fídíò ni mo ń gé tí mo sì ń tò pọ̀ jẹun, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Lasunwon, ní Ìkòròdú. Nígbà tí kọ̀ǹpútà mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ẹni tó ń gun òkè, mo lọ sí àdúgbò Agric, sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi tó ń ta ohun èlò kọ̀ǹpútà. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti jọ kọ́ṣẹ́, orí ẹní kan náà la sì sùn fún ọdún mẹ́ta. Ó tà mí ní gíráfíìkì káàdì, pátákó pẹlẹbẹ tó ń bá kọ̀ǹpútà gbé àwòrán jáde. Páálí rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá.

Mo fi í sínú kọ̀ǹpútà, mo tan án. Orúkọ tó wà lára páálí gan-an ló jáde lójú rẹ̀. Inú mi dùn. Ó wá ku dráífà, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀. Mo wà á jáde láti orí ayélujára. Kò tíì wọlé tán tí ojú kọ̀ǹpútà fi ṣókùnkùn biribiri.

Mo pa á, mo tún tan án. Mo yọ dráífà ti tẹ́lẹ̀ kúrò tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, mo fi òmíràn sí i. Òkùnkùn. Mo wá èyí tó ti pẹ́ díẹ̀. Òkùnkùn náà ni. Mo pe ọ̀rẹ́ mi.

"Dráífà ni," ló wí. "Ṣáà máa wá a, wàá rí èyí tó máa bá a mu. Ìwọ lo kúkú mọ̀ ọ́n jù mí lọ."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá a. Bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ olóògbé kan ń retí fídíò ìsìnkú ìyá wọn lọ́wọ́ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo yọ káàdì náà, mo fi tówẹ̀lì wé e, ó di Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ń gbé lẹ́yìn Ọjà Olúwo. Rédíò ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn tún ṣe. Àwọn ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi irin gbígbóná jó òjé mọ́ wáyà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ro ẹjọ́ mi.

"Dírẹ́bà wo ló wà nínú kọ̀ǹpútà?" wọ́n bi mí.

"Kì í ṣe ti mọ́tò, sà. Òun ló ń wo irú káàdì tó wà níbẹ̀, tó sì ń sọ ohun tó máa ṣe fún un."

Wọ́n gba káàdì náà lọ́wọ́ mi. "Tó bá wá jẹ́ pé káàdì ló purọ́ ńkọ́?"

Wọ́n wọ jígí, wọ́n yí káàdì náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Wo orí àwọn súkúrù yìí. Ẹnì kan ti tú u rí."

Mo fẹ́ sọ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń tú u. Ọ̀dà tó ń fa ooru kúrò lára rẹ̀, tó wà lábẹ́ irin ìbora, tó yẹ kó rọ̀ bí òrí, ti gbẹ, ó sì ti sán. Wọ́n fi òwú àti sípíríìtì nu ojú ègé dúdú tó wà láàárín, tí í ṣe ọpọlọ káàdì, lẹ́tà kéékèèké sì yọ. Mo kà wọ́n, mo fi fóònù wá wọn. Káàdì àtijọ́ ni, irú èyí tí a lò nígbà tí a ń kọ́ṣẹ́. Ẹnì kan ló ti yí orúkọ inú rẹ̀ padà. Dráífà gba orúkọ yẹn gbọ́, ó ń bẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ kò gbé, ni káàdì bá ń dákú.

Àánú ọ̀rẹ́ mi ló kọ́kọ́ ṣe mí. Mo pè é.

"Tí o bá ṣì ní irú ẹ̀ nílẹ̀, má tà á mọ́," mo ní. "Wọ́n ti rẹ́ ọ jẹ." Mo ṣàlàyé ohun tí a rí fún un.

Mo ń retí kó máa bú ẹni tó kó o wá fún un.

"Mo mọ̀," ló wí.

"O mọ kí ni?"

"Mo mọ̀ kí n tó tà á fún ọ. Ẹni tó kó o wá kò gbà á padà. Mo ní ìwọ á dá ọgbọ́n kan sí i."

Mo jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́yìn mi. Gbogbo ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ó mọ̀. Ó sì ń ní kí n máa wá dráífà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń dá àwọn súkúrù padà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Káàdì tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ ni mo dá padà sínú kọ̀ǹpútà, bó sì ṣe ń wọ́ náà ni mo fi í parí fídíò ìsìnkú náà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀rẹ́ mi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí Lasunwon, ó mú káàdì mìíràn wá.

"Tú u wò kí o tó gbà á," ló wí.

Mo tú u níṣojú rẹ̀. Ojúlówó ni. Dráífà wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwòrán sì mọ́lẹ̀ kedere. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí kí n bú òun, tàbí kí n rẹ́rìn-ín. Mi ò bínú, mi ò sì rẹ́rìn-ín. Ẹnu ṣì ń yà mí pé ó mọ̀ kó tó tà á fún mi. Ó ní ó dàbọ̀, ó sì lọ.