Asíá ni Bàbá Mi Kọ́kọ́ Gbé

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àwọn ọmọ ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìjàpọ̀, ní Àkúrẹ́ níbí, ti ń múra sílẹ̀ fún àjọ̀dún òmìnira. Bí oòrùn bá ti ń yọ ni mo ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí òkúta wẹ́wẹ́, lẹ́fùtì, ráìtì, lẹ́fùtì, ráìtì, tí olùkọ́ wọn á sì máa jágbe mọ́ ẹni tó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ọmọ-ọmọ mi bi mí pé kí ló dé tí mo fi máa ń ti fèrèsé. Mo sọ fún un pé ariwo wọn ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n bàbá mi ni mo máa ń rántí.

Ìlú Oǹdó la ti dàgbà, ibẹ̀ ni bàbá mi sì ti ń ṣe tíṣà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ọmọdé ni òun náà nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira lọ́wọ́ òyìnbó ní ọdún 1960. Ó máa ń ròyìn bí wọ́n ṣe sọ asíá òyìnbó kalẹ̀ tí wọ́n sì fa tiwa sókè, bí wọ́n ṣe fi ìrẹsì ṣe àsè fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, tí wọ́n sì fún olúkúlùkù wọn ní kọ́ọ̀pù kan. Orí àgbékà ní pálọ̀ ni kọ́ọ̀pù tirẹ̀ máa ń wà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi mu omi. Àbúrò mi fi í bu omi mu nígbà kan. Ìwàásù tó tẹ̀lé e gùn ju ti ọjọ́ Àìkú lọ. Bí a bá bi bàbá mi pé kí ni òmìnira, á ní, "Kí ẹlòmíràn má jẹ ọ̀gá lé ọ lórí nínú ilé baba rẹ ni."

Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi náà wà ní ilé-ìwé bàbá mi, inú ilé baba ẹni ti le koko. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ rò pé ìgbà tiyín nìkan ni nǹkan wọ́n. Oṣù mìíràn á wọlé, á sì jáde, kí àwọn tíṣà tó rí owó oṣù. Ìrẹsì, ṣúgà, ọṣẹ, orí ìlà la ti ń dúró dè wọ́n. Bí ilé-ìwé bá ti parí, oko ni bàbá mi ń gbà lọ, pẹ̀lú táì lọ́rùn, kí àwọn òbí tó bá pàdé lọ́nà má baà rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi ń yan gààrí tà, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ebi fi bẹ́ẹ̀ pa wá.

Lọ́dún kan, wọ́n mú ilé-ìwé wa mọ́ àwọn tí yóò yan níwájú àwọn aláṣẹ ní pápá ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ òmìnira. Fẹ́mi ni bàbá mi ní kó gbé asíá. Ọ̀rẹ́ mi ni Fẹ́mi, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló ń gbé. Ó ga, bó bá sì dúró, á dúró gbọn-in. Ní gbogbo ìgbà tí a ń ṣe ìdánrawò, bàbá mi á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ wa létí pé, "Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá le, kí ó jókòó sílé. Mi ò fẹ́ ẹni tí yóò dójú tì wá."

Ọkọ̀ akẹ́rù ló kó wa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èmi ti jẹ ẹ̀bà tó kù láti àná. Fẹ́mi ní òun náà ti yó. A dé pápá, a tò, oòrùn sì ń ga sí i, nítorí àwọn ẹni ńlá kò tètè dé. Nígbà tó wá kàn wá, a yan dáadáa títí a fi dé iwájú àtíbàbà àwọn àlejò. Ibẹ̀ ni Fẹ́mi ti ṣubú lulẹ̀, tòun ti asíá.

Bàbá mi sáré wọ inú pápá. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sí asíá. Ó gbé e, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó nà án sí ọmọ tó tẹ̀ lé Fẹ́mi, ó ní, "Ẹ máa lọ." Lẹ́yìn náà ló tó bẹ̀rẹ̀ wo ọmọ tó wà nílẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ sábẹ́ igi. Nọ́ọ̀sì kan wọ́n omi sí i lójú, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Tíṣà, ọmọ yìí ò jẹun."

Fẹ́mi lajú. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má yọ mí kúrò. Ara mi le." Bàbá mi yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó mú Fẹ́mi padà lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Oǹdó, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Ìyá náà ní, "Tíṣà, ẹ dìde. Èmi ni mo ní kó máa lọ. Kò sí nǹkan nílé, mo sì rò pé wọ́n á fún wọn lóúnjẹ níbẹ̀, bí wọ́n ti ṣe fún ẹ̀yin lọ́jọ́ tí a gba òmìnira." Ó pẹ́ kí bàbá mi tó dìde.

Láti ọdún tó tẹ̀ lé e, kò sí ọmọ kankan tó yan ní ilé-ìwé wa láìjẹun. Bàbá mi á ní kí òbí tó bá ní iṣu mú iṣu wá, kí ẹni tó ní ẹ̀wà mú ẹ̀wà wá, ìyá mi á sì sè é. Tẹ́lẹ̀, ó ń kọ́ wa pé àwọ̀ ewé inú asíá dúró fún ilẹ̀ ọlọ́ràá, pé funfun dúró fún àlàáfíà. Ó wá yí i padà. Ó ní, "Àwọ̀ ewé ni oúnjẹ. Ẹ wò ó, òun ló bẹ̀rẹ̀ asíá, òun náà ló parí rẹ̀." Ṣùgbọ́n ebi Fẹ́mi tán, ẹ̀bi bàbá mi kò tán. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń yẹ́ ẹ sí nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń pè é ní ẹni tó fẹ́ràn orílẹ̀-èdè rẹ̀, ó dìde jáde. Nígbà tó darúgbó, a kàn máa ń gbọ́ tí á bèèrè pé, "Fẹ́mi ńkọ́?" A kò mọ ibi tó wà. Ìyá àgbà ti kú, ẹbí rẹ̀ kan sì ti mú un kúrò ní Oǹdó.

Níbi ìsìnkú bàbá mi ni mo ti tún rí i. Àgbẹ̀ ni, irun orí rẹ̀ ti funfun. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí asíá ọjọ́ náà kò ṣe jẹ́ kí bàbá mi sinmi.

Ó ní, "Asíá kẹ̀? Mi ò rántí asíá. Èyí tí mo mọ̀ ni pé láti ibi tí ọkọ̀ já wa sí títí dé ilé ìyá àgbà, ẹ̀yìn Tíṣà ni mo wà. Kò sí ọkùnrin tó pọ̀n mí rí kó tó dìgbà yẹn, kò sì tún sí lẹ́yìn rẹ̀."

Nǹkan ti yí padà. Orí fóònù ni owó oṣù ń gbà wọlé báyìí, bọ́ọ̀sì ló sì ń gbé àwọn ọmọ lọ sí pápá. Síbẹ̀, àwọn ẹni ńlá kì í tètè dé, ọmọ tí ebi ń pa sì tún lè sọ fún tíṣà rẹ̀ pé òun ti yó. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé mo bi Fẹ́mi pé níbo ló ń gbé ní gbogbo ọdún tí bàbá mi fi ń bèèrè rẹ̀. Ó ní Ìjàrè ni. Láti ilé mi, kí omi tó hó lórí iná, ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀.