Ìdájí tí Ozella Kọ̀ Láti Lu Agogo

"Àlọ́ mi dún gbọnrangandan!"

"Kó dún sí wa létí, Màmá!"

Ó dún sórí Ozella, alásè ṣọ́ọ̀ṣì wa. Isom, bàbá ńlá rẹ̀, ṣẹrú ní yunifásítì ìlú yìí láyé òwò ẹrú. Òun ló ń lu agogo ìdájí jí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí yunifásítì wá ń tọrọ àforíjì nítorí àwọn ẹrú tí wọ́n lò, ọ̀gá wọn ní kí Ozella lu agogo náà láti fi rántí Isom.

Ozella bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, kí èmi náà tún wá jí yín? Ẹ lù ú fúnra yín. Oorun tí wọn ò jẹ́ kí bàbá ńlá mi sùn ni mo fẹ́ sùn."

Nídàájí, ọ̀gá fa okùn agogo, okùn gbé e sókè, bàtà rẹ̀ bọ́. A rẹ́rìn-ín títí. Ozella ń hanrun ní tiẹ̀.

Ó yá, ẹ lọ sùn. Kò sí agogo lọ́la.