Agolo Òfìfo Láti Téémà

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi wa gúnlẹ̀ sí Téémà, ìyàwó mi ti wọṣọ tán kí n tó jí. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Agolo bísíkíìtì kékeré kan wà nínú báàgì náà, àwòrán ẹṣin kan wà lórí ọmọrí rẹ̀. A ti jẹ bísíkíìtì inú rẹ̀ tán ní ìlú Òyìnbó. Ó ti fọ agolo náà, ó ti sá a gbẹ.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ọdún méjì tí ìjọba rán mi lọ kọ́ nípa iṣẹ́ olùkọ́, a sì ń padà bọ̀ wálé sí Ìlọfà. Gánà ni wọ́n bí ìyàwó mi sí, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣòwò. Ibẹ̀ náà ni ìyá rẹ̀ kú sí, tí wọ́n sin ín sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú kékeré kan tó wà níwájú Akrá. Nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àlejò máa lọ, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún wọn. Wọ́n kó ibùsùn, wọ́n kó ìkòkò. Ẹni tó ń kó ẹrù kò lè kó sàréè.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin ló kọ̀wé sí wa kí a tó wọkọ̀. Ó ní, “Bí ọkọ̀ yín bá yà ní Gánà, ẹ bu ilẹ̀pa rẹ̀ wá fún wa, níbi orí. A ó sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tó bí i, kí ó lè mọ̀ pé òun ti délé.”

“Tíṣà, ẹ jẹ́ ká máa lọ,” ni ìyàwó mi wí. Tíṣà ló máa ń pè mí, kódà nígbà tí inú bá ń bí i.

Wọ́n ti kéde pé kí gbogbo èrò padà sínú ọkọ̀ kí aago méjì ọ̀sán tó lù. Ní Fìrìtáùn, ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ọkùnrin kan pẹ́ ní ìgboro. Gbogbo wa rí i ní èbúté tó ń fi kóòtù rẹ̀ juwọ́ sí wa, bí omi ti ń fẹ̀ sí i láàárín wa. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́.

Àgbàlagbà ni awakọ̀ takisí tó gbé wa. Bí ìyàwó mi ti fi Tuwí, èdè Gánà, kí i, ó yíjú padà wò ó, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Láti ibẹ̀ wọn kò dákẹ́ mọ́. N kò gbọ́ kí ó sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní Ìlọfà, wọ́n máa ń fi Yorùbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ìlú Òyìnbó, òtútù kì í jẹ́ kó lanu. Inú takisí yẹn ni mo ti mọ bí ohùn rẹ̀ ti rí gan-an.

“Kí ni wọ́n wí?” ni mo bi í.

“Wọ́n ní ṣé ọmọ yín kan ló ń ṣàìsàn, tí ẹ fi ń wo aago bẹ́ẹ̀.”

“Sọ fún wọn pé ọkọ̀ ojú omi kì í dúró de ẹnìkan.”

Ó sọ ọ́. Baba náà fèsì, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín.

“Wọ́n ní ọkọ̀ tó bá ti dé Téémà, ó ti di ará Téémà nìyẹn. Kì í kánjú mọ́.”

A kọjá Akrá. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù, a bá agbégilódò kan tó dùbúlẹ̀ gbalaja sórí afárá, igi rẹ̀ fọ́n ká ojú ọ̀nà. Ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló lè kọjá. Ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀, ó nawọ́ sí òkè kan.

“Ẹ̀yìn òkè yẹn ni ṣọ́ọ̀ṣì náà wà, Tíṣà. Kò ju máìlì méjì lọ. Ìdí afárá yìí ni mo ti máa ń wá ra ẹ̀kọ kẹ́ńkẹ́ fún yèyé mi. Ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ rìn ín.”

Mo ṣírò rẹ̀. Àlọ, àbọ̀, ọ̀nà tó kù dé èbúté.

“Bí a bá pẹ́ ńkọ́?”

“A ò ní pẹ́.”

“Àwọn àpótí wa ńkọ́? Ìwé-ẹ̀rí mi wà nínú ọkọ̀.”

Ó wò mí. “Ẹ dúró síbí, èmi nìkan á lọ. Màá sáré.”

“Rárá,” ni mo wí. Bí mo ti ń sọ ọ́ fún ọmọ ilé ìwé ni mo ṣe sọ ọ́.

Kò bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kejì. Ó padà wọ takisí. Títí a fi dé èbúté, kò sọ Tuwí mọ́, awakọ̀ náà kò sì bá a sọ ọ́.

Aago kan kọjá díẹ̀ nígbà tí a wọkọ̀. Aago méjì lù, ọkọ̀ kò mira. Ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀ ti bàjẹ́. Aago mẹ́ta lù. Ní aago mẹ́rin, wọ́n kéde pé ó di ìdájí ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ìyàwó mi jókòó sídìí irin ọkọ̀, ó kọjú sí ilẹ̀. Mo bu tíì wá fún un.

“Ẹ ṣeun, Tíṣà.” Ó mu díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, “Baba onítakisí yẹn mọ̀ pé ọkọ̀ kò ní kánjú.”

Ó gbé ife náà padà fún mi. Ó ṣe mí bíi kí ó sọ èyí tó kù.

Nígbà tí a dé Ìlọfà, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ti gbẹ́ ihò kékeré kan sílẹ̀ dè wá, ó ro etí rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó na ọwọ́ méjèèjì láti gba agolo náà. Ìyàwó mi wà lórí ìkúnlẹ̀.

“Kò sí nǹkan nínú rẹ̀, Bàbá.”

“Ọkọ̀ yín ò dúró níbẹ̀ ni?”

Mo lanu, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti dáhùn kí n tó sọ̀rọ̀.

“Kò dúró, Bàbá.”

Baba fi ọkọ́ fa erùpẹ̀ padà sínú ihò náà, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo sọ pé a ó gba orí ilẹ̀ padà lọ sí Gánà. Iṣẹ́ kò jẹ́. Wọ́n sọ mí di ọ̀gá ilé ìwé ní Odò-Ọwà, ọdún kan ń tẹ̀lé òmíràn. Nígbà tí àyè yọ, wọ́n ti ti ẹnu ibodè. Nígbà tí wọ́n ṣí i, àìsàn ti dá ìyàwó mi dùbúlẹ̀, kò sì dìde níbẹ̀.

Kò sí agolo tí kì í ṣiṣẹ́ nílé wa. Òmíràn ń gba iyọ̀, òmíràn abẹ́rẹ́ àti òwú. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ wa obìnrin rí agolo ẹlẹ́ṣin náà ní ìsàlẹ̀ àpótí, lábẹ́ àwọn ìró ìyá rẹ̀. Ó ṣí i, kò bá nǹkan kan. Ó ní kí òun máa fi tọ́jú ṣúgà. Mo ní kó gbé e fún mi.

Ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó mi ti kú tipẹ́. Kò sí ẹni tí mo lè lọ sọ òótọ́ fún mọ́. Nítorí náà, ibí ni mo kọ ọ́ sí: ọkọ̀ náà dúró. Ó dúró títí ilẹ̀ fi mọ́.