Sítáàṣì Tí Mo Fi Sára Aṣọ Ọkọ̀ Ojú Omi

Ní Humble níbí, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Houston ní Amẹ́ríkà, níbi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin, ẹnì kan ṣoṣo tí kì í ṣe ẹbí mi ló ń kí mi láràárọ̀. Bàbá òyìnbó tí ilé rẹ̀ fara ti tiwa ni. Ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ á ti gba ibi iṣẹ́ lọ, àwọn ọmọ á ti wọ bọ́ọ̀sì iléèwé, èmi á wá gbé àga mi sí ẹnu gáréèjì, mà á máa ṣa ẹ̀wà, mà á máa wo òpópónà tí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í tẹ̀. Mọ́tò nìkan ló ń kọjá, àwọn tó wà nínú rẹ̀ á sì ti gíláàsì pa. Bàbá yìí nìkan ni yóò jáde wá, tí yóò na ọwọ́ sókè.

“Ẹ káàárọ̀, Mama!”

Ọkọ ọmọ mi ló kọ́ ọ. Ó ń pè é bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń pè é. Èmi náà á dáhùn, “Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé ẹ sùn dáadáa?” Kò gbọ́ èyí tó kẹ́yìn yẹn. Á kàn rẹ́rìn-ín, á padà wọlé.

Ẹni tí kò bá tíì gbé ibi tí ilẹ̀ ti lè mọ́, kó tún ṣú, kí ẹnikẹ́ni má kí i, kò lè mọ ohun tí ìkíni yẹn jẹ́ fún mi. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ aṣọ ọkọ̀ yìí fi ń tì mí lójú títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Bàbá ní ọkọ̀ ojú omi kan tó gbé sí ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀, lórí táyà méjì, èyí tí mọ́tò ń fà. Ó máa ń fà á lọ sí adágún láti lọ pẹja. Aṣọ kánfáàsì aláwọ̀ búlúù ló fi ń bo ọkọ̀ náà, aṣọ tó nípọn bí àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin tí a rán pọ̀. Ooru Houston kì í ṣe ooru lásán, omi wà nínú rẹ̀. Búrẹ́dì tí ènìyàn gbàgbé sórí tábìlì á bu kó tó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ọkọ̀ náà ṣe bu. Ó kọ́kọ́ rí tótòtó bí ẹni wọ́n tàdáwà sí i, nígbà tó yá, gbogbo ibi tó dojú kọ ògiri dúdú pátápátá.

Nígbà tí ìgbà ooru dé, bàbá lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ó ní kí ọkọ ọmọ mi máa bá òun bomi rin òdòdó. Ọkọ ọmọ mi ní òun gbọ́, àmọ́ èmi tí mo wà nílé ni iṣẹ́ já lé lọ́wọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń fa hóòsì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, ojoojúmọ́ ni aṣọ dúdú yẹn sì ń wò mí lójú. Mo ní lọ́kàn mi pé, bàbá tó mọ́ tónítóní báyìí, ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò ní ẹni tí yóò bá a fọ nǹkan. Àánú ṣe mí.

Ohun tó kó bá mi ni pé mo mọ aṣọ fọ̀. Mi ò kàwé kọjá kíláàsì mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n bí mi sí, láti ọmọge ni mo sì ti ń fọ sùtánà. Àní níbí, nínú ìjọ wa tó wà ní Stafford, àwọn àgbà ìjọ ṣì máa ń di sùtánà wọn fún mi pé, “Ìyá, ẹ bá wa fi ọwọ́ yín kàn án.” Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: a ó rẹ ẹ́ sínú bílíìṣì, a ó fọ̀ ọ́ títí ọṣẹ yóò fi tán lára rẹ̀, a ó rì í bọ omi búlúù, a ó wá rì í bọ sítáàṣì. Tó bá ku díẹ̀ kó gbẹ, a ó ká a bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rinrin, a ó dì í mọ́ inú ọ̀rá, kí áyọ́ọ̀nù lè jẹ ẹ́ dáadáa. Sùtánà tí mo bá fọ̀ lè dá dúró láìsí ẹni tó wọ̀ ọ́.

Mo tú okùn ara aṣọ ọkọ̀ náà, mo wọ́ ọ wá sí ẹ̀yìnkùlé wa. Ọmọ mi ò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, inú ilé ló ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Ó yọjú lójú fèrèsé.

“Màámi, kí lẹ̀ ń wọ́ yẹn?”

“Aṣọ ọkọ̀ bàbá ni. Mo fẹ́ bá a fọ̀ ọ́.”

“Ṣé wọ́n ní kí ẹ fọ̀ ọ́ ni?”

“Ṣé ènìyàn ń béèrè kó tó ṣe oore ni?”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Màámi, Amẹ́ríkà la wà o.”

“Ìdọ̀tí Amẹ́ríkà náà, ìdọ̀tí ni. Padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ti fèrèsé. Mo da omi sínú ohun ìwẹ̀ oníròóbà tí àwọn ọmọ máa ń ṣeré nínú rẹ̀, mo tẹ aṣọ náà rì, mo wá ń da bílíìṣì sí ojú ibi tó dúdú, láìbu omi là á. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì líle gbo ó. Mo bọ́ sínú rẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí a ti ń tẹ búláńkẹ́ẹ̀tì. Omi náà di búlúù. Mo rò pé ìdọ̀tí ló ń jáde. Àwọ̀ aṣọ ni.

Mo wọlé, mo fi ìkòkò tó tóbi jù nílé po sítáàṣì, mo dà á lé e lórí. Èrò mi ni pé bó bá le, omi òjò ò ní lè wọ inú rẹ̀. Mo sá a sórí ọgbà, mo jókòó, mo ń wò ó pẹ̀lú ayọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó gbẹ, ojú ọ̀run ṣú. Mo yára ká a bí mo ṣe ń ká sùtánà, mo kì í sínú ọ̀rá ńlá, mo so ó lẹ́nu, mo gbé e sí gáréèjì. Mo ní tí oòrùn bá ti ràn, mà á yọ ọ́ jáde.

Oòrùn ò ràn. Òjò Houston tó bá bẹ̀rẹ̀, kì í mọ ibi tí yóò dúró. Ọkọ ọmọ mi wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, omi ń ro tótó lára rẹ̀.

“Mọ́mì, ta ló bọ́ aṣọ lára ọkọ̀ bàbá? Omi ti kún inú rẹ̀!”

“Èmi ni. Mo bá a fọ̀ ọ́ ni.”

Ó gbé ọwọ́ lé orí. “Mọ́mì. Mọ́mì!” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọlúàbí ni. Ó tún jáde sínú òjò, ó lọ gbọ́n omi, ó fi tápólì bo ọkọ̀ náà.

Ọjọ́ tí oòrùn padà yọ ni mo tú ẹnu ọ̀rá yẹn. Òórùn tó bọ́ sí mi nímú dà bí ti ògì tí a gbàgbé. Aṣọ náà ti bu láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó hu irun funfun, ó hu irun àwọ̀ ewé, dúdú àtijọ́ wá di ọmọ kékeré lára rẹ̀. Mo nà án wò, ojú rírán ya lọ́wọ́ mi, ó ń dún pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀. Bílíìṣì ti jẹ òwú tí wọ́n fi rán an. Sítáàṣì ńkọ́? Oúnjẹ ni sítáàṣì. Àgbàdo ni. Mo ti se oúnjẹ fún ohun tí mo fẹ́ lé jáde, mo tún ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kó lè jẹun dáadáa.

Bàbá dé kí n tó mọ ohun tí mo máa ṣe. Mo rí mọ́tò rẹ̀, mo gbé àga mi wọlé, mo fa kọ́tìnì.

Lówùúrọ̀, mo gbọ́ ohùn rẹ̀. “Ẹ káàárọ̀, Mama!” Ibi tí àga mi máa ń wà ló ń kí. Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì, mi ò dáhùn. Èmi àgbàlagbà, tí mo ti na ọmọ nítorí pé kò jẹ́ ìkíni, mo gbọ́ ìkíni, mo panu mọ́. Ó dúró díẹ̀, ó ń wo ẹnu gáréèjì, ó wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e.

Ọkọ ọmọ mi ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n rò pé èmi ni mo tú aṣọ yẹn nítorí ìjì. Wọ́n tiẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.”

“Má sọ nǹkan kan. Ọwọ́ mi ló ṣe é, ẹnu mi ni yóò sọ ọ́.”

“Ẹnu yín ọ̀hún náà ló wà lẹ́yìn kọ́tìnì yìí, Mọ́mì.”



Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bàbá ò kígbe. Dípò bẹ́ẹ̀, mo rí i tó ń tiro bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, nítorí orúnkún rẹ̀ ò dára. Ó gbé ìgò oyin àti ọsàn mélòó kan kalẹ̀, ó padà. Ó ti bi ọmọ mi pé ṣé ara Mama ò yá ni, pé òun kò rí mi mọ́. Mo wo oyin yẹn. Ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu, kó gbé mi mì.

Mo kó aṣọ náà sínú kẹ̀kẹ́ tí àwọn ọmọ ń fà kiri, mo fà á lọ sí iwájú ilé rẹ̀. Ó wà níbẹ̀, ó ń nu mọ́tò. Ojú rẹ̀ tàn. Mo ti múra ọ̀rọ̀ òyìnbó sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo kúnlẹ̀ lórí kọnkéré, eékún méjèèjì.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Sọ́rì. Sọ́rì, Bàbá.”

Bàbá pariwo, ó ju aṣọ tó fi ń nu mọ́tò nù. Ó rò pé mo ṣubú ni. Ó sáré tiro wá, ó di apá mi mú, ó ń fà mí sókè. Èmi ò fẹ́ dìde, nítorí kò tíì dárí jì mí. Bó ṣe ń fà mí ni orúnkún rẹ̀ yẹ̀, òun náà balẹ̀ gbì síwájú mi. Bí ọmọ mi ṣe bá wa nìyẹn, nígbà tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́: àgbàlagbà méjì tí wọ́n kúnlẹ̀ kọjú síra wọn bí ẹni ń gbàdúrà ìgbéyàwó.

“Yéè! Màámi! Ta ló ṣubú?”

“Kò sẹ́ni tó ṣubú. Mò ń bẹ bàbá ni.”

“Bàbá náà ń bẹ̀ yín ni?”

Ó bi bàbá lédè òyìnbó. Bàbá ní òun wá gbé mi dìde ni, àmọ́ ní báyìí, òun gan-an ò lè dìde mọ́. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di mọ́tò mú. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó gbé wa dìde tán, ọmọ mi ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún bàbá. Bàbá tú aṣọ náà wò. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó fi ìka tọ ojú rírán tó ya, ó fi ọwọ́ pa ibi tó ti funfun. Ó sọ nǹkan kan, jẹ́jẹ́. Ọmọ mi kò fẹ́ túmọ̀ rẹ̀.

“Kí ló wí?”

“Wọ́n ní ì bá wu àwọn kí ẹ ti kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn.”

Kò bú mi, kò sì sọ pé kò sí wàhálà. Ìyẹn nìkan ló sọ, ó sì wọ̀ mí lára dé egungun. Nítorí mo ti bá àwọn ìyàwó ilé jà rí lórí pé wọ́n fọwọ́ kan ìkòkò mi láìbéèrè.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló pè mí pé ká jọ tún aṣọ náà ṣe, ọjọ́ mélòó kan la sì fi ṣe é. Kò lo bílíìṣì rárá. A na aṣọ náà sínú oòrùn títí ohun tó bu sí i lára fi gbẹ, a fi aṣọ bo imú, a gbọ̀n ọ́n dànù kí omi tó kàn án. Ọṣẹ tí kò le ló fi fọ̀ ọ́ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀. Ó bu omi la fínígà, ó wọ́n ọn sí ibi tó bu, ó jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀ kó tó ṣàn án. A ṣàn án títí sítáàṣì mi kò fi yọ̀ mọ́ lọ́wọ́. A sá a ní inú, a tún sá a ní ẹ̀yìn. Nígbàkígbà tí mo bá ní ó ti gbẹ, á mú ọwọ́ mi, á fi sí abẹ́ ìṣẹ́po rẹ̀, mà á bá ọ̀rinrin níbẹ̀. Mo rán ojú tó ya pẹ̀lú òwú tí mo fi ìda pa. Ó fín oògùn tí kì í jẹ́ kí omi wọlé sí i, ó gbé ọ̀pá dúró sí àárín ọkọ̀ kí aṣọ náà lè ga bí òrùlé, kí omi má dúró lórí rẹ̀, ó sì dá àyè sílẹ̀ lábẹ́ kí atẹ́gùn máa gbà á kọjá. Ó ní aṣọ náà lè bo ọkọ̀ tó bá wà nílé, ṣùgbọ́n kò lè bá a rin ọ̀nà márosẹ̀ mọ́, atẹ́gùn yóò fà á ya.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé èyí tí a parí iṣẹ́ náà, mo gbé àga mi jáde. Bàbá jáde, ó wo ọ̀dọ̀ mi, kò kí mi. Bóyá ó rò pé n kò ní dáhùn náà ni, bóyá inú rẹ̀ kò tíì rọ̀. Mo rántí pé láti ọjọ́ tí a ti mọra, òun ló máa ń kọ́kọ́ kí mi. Mo dìde nílẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá!”

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó na ọwọ́ sókè. Ṣùgbọ́n ó nà án.

Ní báyìí, tí òjò bá rọ̀, mo máa ń mú ìgbálẹ̀ onígi gígùn lọ láti fi ti omi kúrò lórí aṣọ náà. Mà á kan ilẹ̀kùn, mà á dúró títí yóò fi yọjú, tí yóò mi orí, kí n tó fọwọ́ kàn án. Láti orí àga mi ni mo ti ń rí ibi tí bílíìṣì ti sọ ọ́ di funfun. Tí bàbá bá kí mi, ibẹ̀ ni ojú mi ń kọ́kọ́ lọ, kí n tó dáhùn.