Ẹran Tó Kù Nínú Àwo Bàbá Mi

Ẹnu mi ló kó bá mi. Olùkọ́ wa kan ní yunifásítì ní Àkúrẹ́, obìnrin tó ń kọ́ wa nípa oúnjẹ àti iṣẹ́ tó ń ṣe lára, ló ní kí kálukú wa yan irú oúnjẹ kan tí kò mọ́ ọn lára, kó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko jẹ ẹ́, kó sì máa kọ gbogbo ohun tó bá gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá sínú ìwé lójoojúmọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi gbọ́n, ohun tó rọrùn ni wọ́n mú. Ẹnì kan ní òun ò ní mu mínírà. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá kan náà ní òun máa fi ṣúgà sílẹ̀, òun tí kì í fi ṣúgà sí gaàrí tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo dìde, tí mo ní mi ò ní jẹ ohunkóhun tó bá ti ara ẹran tàbí ẹyẹ tàbí ẹja wá. Mo ní ẹyin ò sí níbẹ̀, mílíìkì ò sí níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ? Ìwọ tó ń fọ́ eegun títí á fi di ẹ̀lúbọ́? Ọjọ́ mẹ́ta lo máa lò." Ẹ̀rín yẹn ló bí mi nínú. Ká ní kò rẹ́rìn-ín ni, ó ṣeé ṣe kí n ti yí ohùn padà ká tó jáde ní kíláàsì.

Òótọ́ ló sọ, mo fẹ́ràn ẹran. Ṣùgbọ́n ẹran kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ẹran yòókù lọ, kì í sì í ṣe torí pé ó dùn jù wọ́n lọ. Ẹran inú àwo bàbá mi ni. Nílé wa ní Òǹdó, bàbá mi kì í jẹ ẹran wọn tán. Wọ́n máa ń ti ẹyọ kan sí ẹ̀gbẹ́ àwo, ẹni tó bá sì kó àwo náà lọ fọ̀ ló ni ín. Nígbà tí a wà ní kékeré, èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti ja ìjà tí kò níye lórí ta ni yóò kó àwo. Nígbà tó yá, àwọn ẹ̀gbọ́n mi lọ sílé ọkọ, wọ́n lọ síbi iṣẹ́, ó wá ku èmi àbíkẹ́yìn, ẹran náà sì di tèmi nìkan.

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Yorùbá inú ìwé ni wọ́n sì máa ń bá wa sọ nílé, bíi pé agogo àtilọ sílé ò tíì lù. Ìgbà tí inú wọn bá kún gan-an nìkan ni èdè Òǹdó máa ń já bọ́ lẹ́nu wọn, tí "ọmọ" á di "ọma". Mi ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ràn mi. Ẹran yẹn ló máa ń bá wọn sọ ọ́. Bí mo bá ti Àkúrẹ́ dé, tí mo kó àwo wọn, tí mo rí ẹyọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, mo mọ̀ pé mo ti délé nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mo ń fọ́nnu ní kíláàsì, mi ò rántí ẹran yìí rárá.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di oníjà. Ìyá kan wà tó ń ta oúnjẹ ní Arákàlẹ̀, níbi tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti máa ń jẹun tí a bá ti ọjà bọ̀. Mo ní kí wọ́n bu ìrẹsì fún mi, kí wọ́n má fi ẹran sí i. Wọ́n bu ìrẹsì, wọ́n da ọbẹ̀ lé e, wọ́n wá fi pọ̀nmọ́ kan tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ dé e lórí.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ní kí ẹ má fi ẹran sí i."

"Ẹran dà níbẹ̀? Pọ̀nmọ́ nìyẹn."

"Ara màlúù ni pọ̀nmọ́ náà ti wá, mà."

Ìyá náà wo ẹsẹ̀ mi. "Ara màlúù ni bàtà tó o wọ̀ yẹn náà ti wá. Ṣé ẹran lo wọ̀ wá síbí ni?"

Gbogbo àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ ló yíjú wo bàtà mi. Mo yọ pọ̀nmọ́ náà fún ọ̀rẹ́ mi, ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, mo ní ẹ̀fọ́ ni mo fẹ́, ẹ̀fọ́ lásán. Edé ló kún inú ẹ̀fọ́ náà. Ìyá náà ní edé kì í ṣe ẹja, pé adùn ọbẹ̀ ni. Wọ́n wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀: "Ṣé wòlíì ló ní kó o má jẹ ẹran ni? Uyán ńkọ́, ṣé ó fi uyán sílẹ̀ fún ọ?" Ọmọ Àkúrẹ́ pọ́nńbélé ni ìyá náà, wọn kì í pe iyán ní iyán. Mo ní wòlíì kankan ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà, pé olùkọ́ wa ni. Wọ́n mi orí, wọ́n ní àwọn á máa fi mí sínú àdúrà.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dáná fúnra mi nìyẹn. Mo kọ́kọ́ máa ń binú tí mo bá ti ṣí ìkòkò. Mo se ẹ̀wà títí ẹ̀wà fi sú mi. Mo jẹ bọ́ọ̀lì àti ẹ̀pà lójú ọ̀nà ilé ìwé débi pé ìyá tó ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbẹ̀ máa ń yan èyí tó pọ́n dáadáa pa mọ́ dè mí. Mo ra mọ́ínmọ́ín lọ́jọ́ kan, mo ti gbé e mì kí n tó rí i pé ẹyin wà nínú rẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé bó ṣe rí: "Ẹyin díẹ̀, mi ò mọ̀ọ́mọ̀." Ọ̀rẹ́ mi ń ṣọ́ ẹnu mi bí ọlọ́pàá, bí mo bá ti ń jẹ nǹkan, á ní kí n yanu. Ṣùgbọ́n nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi irú àti ẹ̀gúsí se ẹ̀fọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní béèrè ẹran, mo sì ti mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dín wàrà tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe kó má fọ́. Ọ̀rẹ́ mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í mú ṣíbí wá. Ara mi fúyẹ́, inú mi ń dùn, mo sì ti ń fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn tó ń jẹ ẹran.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nígbà tí bàbá mi pè mí pé kí n wá kí àwọn. Ìyá mi ti lọ bá ẹ̀gbọ́n mi tó bímọ gbé ní Ìbàdàn, bàbá nìkan ló wà nílé. Mo wọ mọ́tò Òǹdó lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Kí n tó gbé báàgì sílẹ̀ ni mo ti gbóòórùn adìyẹ. Wọ́n ti pa àkùkọ kan, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì sè é, wọ́n fi aṣọ ìnuwọ́ sí èjìká.

Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo wá sọ ọ́ kíá kí ọkàn mi má baà yí padà. "Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò jẹ ẹran báyìí o. Iṣẹ́ ilé ìwé ni."

"Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Ara mi yá, sà."

"Àbí o jẹ́ ẹ̀jẹ́?"

"Rárá, sà. À ń wò ó bí ara ṣe máa ń rí téèyàn ò bá jẹ ẹran ni. Ìdánwò ni."

Wọ́n ní ó dáa. Mo se ẹ̀fọ́ tèmi, a jọ jẹun, a sọ̀rọ̀ nípa ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, mo dìde láti kó àwo wọn. Itan àkùkọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, odindi, wọn ò fọwọ́ kàn án.

Mo gbé e dé ilé ìdáná, mo dúró. Kò sẹ́ni tó ń wò mí. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣọ́ ẹnu mi wà ní Àkúrẹ́, ìwé mi wà nínú báàgì. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi, tí mo bá jẹ ẹ́, màá kọ ọ́, tí mo bá kọ ọ́, ọ̀rẹ́ mi á fi mí rẹ́rìn-ín títí a ó fi jáde ní yunifásítì. Agídí mi ló borí. Mo gbé àwo náà padà sí pálọ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣẹ́ itan yìí kù."

Wọ́n wò ó, wọ́n wo ojú mi. "Ẹ̀n-ẹ́n. Mo gbàgbé."

Wọ́n gba àwo náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi àwo mìíràn dé e. Ó dùn mí wọ egungun. Ká ní wọ́n bá mi wí ni, ì bá sàn. Mo lọ fọ àwọn àwo yòókù, mo ń bínú sí olùkọ́ wa, mo ń bínú sí ọ̀rẹ́ mi, èmi tí mo fọwọ́ ara mi fà á.

Lọ́jọ́ kejì, kí n tó jí, bàbá mi ti lọ sí oko kòkó wọn. Ọ̀sán ni wọ́n dé, pẹ̀lú nǹkan tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n. Olú ni, olú tó hù lára ìtì ọ̀pẹ tó ti jẹrà. Wọn ò jẹ́ kí n bá wọn dáná. Wọ́n fi ata rodo àti epo se olú náà, a fi jẹ iṣu. Nígbà tí mo fẹ́ kó àwo wọn, olú tó tóbi jù lọ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Wọ́n ní, "Olú kì í ṣe ẹran. Mo yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ni tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ewébẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹran."

Mo jẹ ẹ́ ní ilé ìdáná, lórí ìdúró, bí mo ṣe máa ń jẹ ẹran. Ẹ̀rín ń pa mí, omi sì ń bọ́ lójú mi. Nínú ìwé mi lọ́jọ́ náà, mo kọ ọ́ pé: "Olú kan, láti inú àwo bàbá mi." Olùkọ́ wa fàlà sábẹ́ ìlà yẹn nígbà tí wọ́n máàkì í, àmọ́ wọn ò sọ ìdí tí wọ́n fi fà á.

Mo parí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà pé. Ọ̀rẹ́ mi ra súyà fún mi láti fi tọrọ àforíjì, mo jẹ ẹ́ tán, inú run mí mọ́jú. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo ti padà sídìí eegun. Wàhálà mi nìkan ni pé mi ò sọ fún bàbá mi.

Mo fẹ́ sọ ọ́ nígbà tí mo tún lọ sílé. Ṣùgbọ́n kí n tó lanu, wọ́n ti gbé agolo mílíìkì kan jáde. Wọ́n ti sá olú sínú oòrùn, wọ́n kó o sínú agolo náà nítorí ọ̀gbẹlẹ̀, kí n má baà délé kí n má rí nǹkan jẹ. Wọ́n sọ fún aládùúgbò tó wá kí wa pé, "Ọmọ mi tó ń kọ́ nípa oúnjẹ nìyí. Kì í jẹ ẹran." Ó hàn lójú wọn pé wọ́n ń fi mí yangàn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Mo jẹ olú lọ́jọ́ yẹn, mo jẹ olú nígbà tí mo tún padà wá, mo sì tún jẹ ẹ́ nígbà kẹta. Ní Àkúrẹ́, ẹlẹ́ran ni mí, tí mo bá ti dé Òǹdó, mo di olólú. Wọn kì í se ẹran rárá tí mo bá wà nílé. Olú náà dùn, mi ò parọ́, ṣùgbọ́n àárò ẹran yẹn ń sọ mí débi pé mo ń lá àlá rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, wọ́n fún wa ní ìsinmi òjijì nílé ìwé, mo wọ mọ́tò, mi ò pe ẹnikẹ́ni. Ìyá mi ò tíì ti Ìbàdàn dé. Mo bá bàbá mi nídìí tábìlì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ̀bà tán, wọ́n ti fọwọ́. Ẹran màlúù kan, pẹ̀lú eegun rẹ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo.

Mo kí wọn tán, ojú mi ò kúrò lára àwo náà. Mo ní, "Bàbá, ta lẹ ṣẹ́ ẹran yìí kù fún?"

Wọ́n wo àwo náà bíi pé ẹlòmíì ló gbé e síbẹ̀. "Kò sí ẹnì kankan. Ó ti mọ́ ọwọ́ mi lára ni." Wọ́n ti àwo náà síwájú díẹ̀. "Tí mo bá ti jókòó fúngbà díẹ̀, mo máa ń jẹ ẹ́."

Mo rò ó bí wọ́n ṣe ń dá jókòó sídìí tábìlì yẹn lójoojúmọ́, tí wọ́n ń dúró díẹ̀ kí wọ́n tó jẹ ẹran tí mo ti kọ̀. Mo kó àwo náà, mo gbé e lọ sí ilé ìdáná, mo jẹ ẹran náà, mo sì fi eyín fọ́ eegun rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n máa gbọ́ ọ ní pálọ̀.

Ohùn wọn wá láti ibẹ̀. "Ṣé ìdánwò yẹn ti parí ni?"

"Ó ti pẹ́ tó ti parí, Bàbá."

"Agolo olú méjì ló wà lókè pẹpẹ yẹn."

"A máa jẹ òun náà, sà."

Mo gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó wá láti ìsàlẹ̀ ikùn, tí mi ò tíì gbọ́ látìgbà tí ìyá mi ti lọ sí Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Rọra fọ́ eegun yẹn, ọma mi."