Àlùbọ́sà Inú Omi Obì

Ní Ọjà'ba, ẹni tó bá ń wá obì tí kòkòrò kò fọwọ́ kàn, Sìdí ará Bẹyẹrúnkà ni wọn yóò júwe fún un. Ogún ọdún ló ti ń tà á, ó sì ń jẹ ẹ́ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ọjà.

Ní ìparí ọdún 1962, kókó kan yọ sí i lọ́mú, kò ju hóró ẹ̀pà lọ. Kò dùn ún, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin tí gbogbo ọjà ń sá fún ẹnu rẹ̀, ọ̀bẹ dókítà ló ń bà á lẹ́rù.

Ìgbà náà ni Fàsásì, ọkọ ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ ewéko wò ní yunifásítì, wá ra obì. Sìdí bi í léèrè ohun tí wọ́n ń fi ṣe.

“Àlùbọ́sà là ń gbé sórí omi obì, Màmá. Àwọn yàrá kéékèèké kan ń bẹ nínú gbòǹgbò, ojú lásán ò lè rí wọn. Bí wọ́n ṣe ń pín sí méjì méjì ni gbòǹgbò ń gùn. Nǹkan kan wà nínú obì tí kì í jẹ́ kí wọ́n pín dáadáa.”

“Tí wọn ò bá wá pín ńkọ́?”

“Gbòǹgbò ò ní lè dàgbà nìyẹn.”

Sìdí rin obì sínú ife omi, ó gbé àlùbọ́sà lé e lójú fèrèsé. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò ta gbòǹgbò kan. Inú rẹ̀ dùn: ohun tó dá gbòǹgbò dúró yóò dá kókó inú ọmú dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ obì lé obì, títí kò fi rí oorun sùn mọ́. Kò fọwọ́ kan kókó náà mọ́. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ohun tó wù ú ló máa ń gbọ́.

Nígbà tí ààwẹ̀ wọlé, kò fẹ́ kí obì sún mọ́ ẹnu rẹ̀, ó da omi obì inú ife nù, ó sì bu omi lásán sí i. Ní ọjọ́ kẹfà, bó ṣe ń ṣe àlùwàlá, ó rí gbòǹgbò funfun wẹ́wẹ́ lábẹ́ àlùbọ́sà. Kò kú rárá. Obì kàn dì í mú ni.

Sìdí ki ọwọ́ bọ abẹ́ bùbá. Kókó náà ti tó awẹ́ obì. Gbogbo obì tó jẹ kò tilẹ̀ di kókó náà mú.

Ó gba ilé ọmọ rẹ̀ lọ ní Kúdẹtì.

“Àṣàkẹ́, sin mí lọ sílé ìwòsàn Yemẹ́tù.”

“Ta ló bímọ síbẹ̀, Màmá? Ọmọ bíbí la mọ ibẹ̀ mọ́.”

Sìdí mú ọwọ́ ọmọ náà, ó gbé e lé ọmú tó fi tọ́ ọ.