Akọni Inú Ìwé àti Ẹ̀ga Inú Oko

Ìwé kọ́míìkì ni mò ń kà báyìí, èmi àgbà ọkùnrin tí irùngbọ̀n mi ti ń funfun. Ìwé àwọn akọni ni, àwọn tó ń fò lójú ọ̀run, tó ń fi ọwọ́ lásán gbé ọkọ̀ akẹ́rù. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ògbólógbòó ìwé ní àdúgbò Adébáyọ̀ ni mo ti ń rà wọ́n. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mú ọ̀kan, ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọmọ ló rán yín ni, àbí ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ máa fò?”

“Bí mo bá lè fò, ṣé màá dúró nílẹ̀ kí o máa fi mí ṣẹ̀sín?”

Ó ní kí n má bínú. Mi ò bínú. Kò mọ̀ pé bí mo ṣe ń bá a ṣàwàdà yẹn, ọ̀kadà kan ń bọ̀ lẹ́yìn mi, gbogbo ara mi sì ti di etí.

Lọ́dún tó kọjá, lọ́nà Ìjan, àwọn ọkùnrin tó fi aṣọ bojú já lù wá, wọ́n sì kó gbogbo àwa tó wà nínú ọkọ̀ wọ igbó lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni olórí wọn sọ, ó sì rọra sọ ọ́: “Ẹni tó bá pariwo, kò ní pariwo mọ́ láé.” Kò sẹ́ni tó pariwo. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ ṣú, ìbọn àwọn ọdẹ dún nítòsí, àwọn ọkùnrin náà sá, àwa náà sì sáré títí a fi kan títì. Gbogbo wa la jáde láàyè. Ṣùgbọ́n ohùn mi ò bá mi jáde tán. Mo lè sọ̀rọ̀. Ariwo ni mi ò lè pa mọ́. Bí mo bá fẹ́ pe ẹnì kan ní òdìkejì títì, ṣe ni màá sọdá lọ bá a.

Nínú àwọn ìwé tí mo kà lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọ̀kan wà tí akọni rẹ̀ fi aṣọ dúdú bojú. Wọ́n ní olóore ni. Ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ mọ iṣẹ́. Ó mọ bí títì ṣe máa ń dán lẹ́yìn òjò. Ṣùgbọ́n mi ò lè kà á parí. Ẹni tó ń ṣe rere, kí ló ń fi ojú pamọ́ fún? Mo dojú ìwé náà délẹ̀ sábẹ́ àga.

Òmíràn jẹ́ ti obìnrin kan tí iná ń yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn dùn díẹ̀, torí ẹ̀rù máa ń ba obìnrin náà. Àmọ́ bí mo ṣe ṣí ojú ìwé kejì báyìí, ẹ̀rù ti tán. Irọ́ ni. Èmi ti ń ṣí ojú ìwé láti ọdún tó kọjá, ẹ̀rù tèmi ò tíì tán.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti bàbá kan tí kò bo ojú, tí kò lè fò. Agbára tirẹ̀ ni pé ó máa ń gbọ́ igbe ẹni tó wà nínú ewu, bó ti wù kó jìnnà tó. Mo kà á, mo tún un kà. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí níbẹ̀: gbogbo ẹni tó gbà là ló kọ́kọ́ kígbe. Ẹni tí wọ́n ní kó má kígbe ńkọ́? Ẹni tó kọ ìwé náà ò ronú débẹ̀.

Ìyàwó mi ló gbé mi kúrò nídìí ìwé. Ìgbẹ́mọ ni oko ìrẹsì wa wà. Ìrẹsì ti yọ ọmọ, omi inú rẹ̀ ṣì funfun bíi wàrà, ìgbà yẹn gan-an sì ni àwọn ẹyẹ ẹ̀ga máa ń ya dé. Ẹnu la fi ń ṣọ́ oko ìrẹsì. A máa ń lu agolo, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí ẹ̀ga fi ń mọ̀ pé agolo ò lè ṣe nǹkan kan. Ohùn ènìyàn ni wọ́n ń sá fún. Bí ẹnì kan bá sì ké, oko kejì gbọ́dọ̀ ké tẹ̀lé e, kí ẹyẹ má baà kúrò lórí tẹni yìí kó bà lé tẹlòmíràn. Ìyàwó mi ló ti ń dá ṣọ́ tiwa.

“Bàbá ọmọ mi, ohùn mi ti há,” ló wí. “Bí ẹ ò bá wá lọ́la, ẹ̀ga á jẹ ẹ́ tán, àwa á wá máa se kọ́míìkì jẹ.”

“Ṣé o mọ̀ pé ọ̀nà…”

“A ò ní gba Ìjan. Ẹ mú ìwé yín dání, bó bá wù yín.”

Mo mú un dání.

Igbó ló wà lẹ́yìn oko náà, odò ló sì wà láàárín wa àti oko kejì. Mo jókòó lé ìwé mi, mo dojú kọ igbó. Nígbà tí ẹ̀ga dé, ṣe ni ìrẹsì tẹ̀ lábẹ́ wọn. Ìyàwó mi la ẹnu, atẹ́gùn lásán ló jáde, bí ẹni tó ń fẹ́ná. Ó wò mí. Mo lu agolo. Àwọn ẹyẹ náà gbórí sókè, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Mo dìde. Mo wo igbó. Mo kígbe.

Kì í ṣe igbe ọkùnrin. Ó dà bíi ti ewúrẹ́ tí okùn fún lọ́rùn. Ẹ̀ga ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ọ̀run ṣókùnkùn, èmi náà sì ṣubú lulẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Igbó ti gbọ́ mi. Ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀ ti mọ ibi tí mo wà.

Ohùn ọkùnrin kan dún láti òdìkejì odò: “Hòòò! Ẹ kú uṣẹ́ o!” Obìnrin kan tún ké lẹ́yìn tirẹ̀, ẹlòmíràn tún ké lókèèrè, láti oko dé oko, títí mi ò fi gbọ́ ìyókù mọ́.

“Ẹ dìde,” ìyàwó mi wí pẹ̀lú ohùn tó há yẹn. “Wọ́n ti dá yín lóhùn. Àwọn ẹyẹ yìí mà tún ń bọ̀.”

Mo dìde. Ojú mi ò kúrò lára igbó. Mo tún kígbe.